Ẹ Fi Ojú Aládìrẹ Ra Mándólìn: Ìrìn-Àjò sí Ìjẹmọ̀

Lóṣù yìí, Abẹ́òkúta ni a fẹ́ mú yín lọ, sí àdúgbò Ìjẹmọ̀, a ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí ọjà Ìtòkú. Ohun tí a ń wá lọ síbẹ̀ lè yà yín lẹ́nu, nítorí kì í ṣe aṣọ nìkan. Ọgbọ́n tí a fi ń yan mándólìn tó dára ni a ń wá lọ, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ìbáà jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, ìbáà jẹ́ ọmọ yín.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ilé. Ẹnìkan nínú ilé gbọ́ ohùn mándólìn, ó nífẹ̀ẹ́ sí i, wọ́n sì ra èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ fún un. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí ìka ti ń dùn ún, tí ohùn kò bára mu, tí àwọn ará ilé sì ti ń di etí. Níkẹyìn wọn a ní, "Ọmọ yìí kò ní etí orin." Wọn a gbé mándólìn náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdájọ́ èké ni. Ohun èlò ló jẹ̀bi, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n dá lẹ́bi. Kí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ má baà wáyé nínú ilé yín ni a ṣe ń rin ìrìn-àjò yìí.

Ọ̀nà Ìjẹmọ̀

Láti Èkó, ẹ lè gba ọ̀nà Ọ̀tà, ẹ sì lè gba ọ̀nà Ṣágámù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọmọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ojú irin ni ó tuni lára jù. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láàrin Èkó àti Ìbàdàn. Ẹ ó wọ̀ ọ́ ní Alágọmejì ní Yábàá, ẹ ó sì sọ̀ ní ibùdókọ̀ Láderin, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, pè. Takisí ni yóò gbé yín wọ àárín ìlú.

Bí ẹ bá ti ń wọlé ni ẹ ó rí i pé òkúta ni ìlú yìí jókòó lé, òkúta náà ni ó sì jókòó ti ilé. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, lábẹ́ Ṣódẹkẹ́ olórí wọn, sá fún ogun wá sí abẹ́ Olúmọ. Ìlú kéékèèké tí ogun tú ká kò pa orúkọ wọn rẹ́. Wọ́n gbé e dání wá, wọ́n sì fi sọ àdúgbò tuntun: Aké, Ìtòkú, Kémta, Ìgbẹ́ìn, Ìpóró, àti Ìjẹmọ̀ tí a ń lọ yìí. Ara Ẹ̀gbá Aláké ni Ìjẹmọ̀ wà.

Àdúgbò àgbà ni. Ojú ọ̀nà rẹ̀ há, páànù orí ọ̀pọ̀ ilé ti pọ́n, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sì wà níbẹ̀ tí fèrèsé onípákó wọn ṣì dúró. Ẹ má ṣe sáré kọjá níbẹ̀. Ìjẹmọ̀ yìí ni ọmọ ogun ìjọba òyìnbó ti yìnbọn ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, nígbà tí àwọn ará àdúgbò fárígá nítorí ikú àgbà kan tó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ, àwọn ìjòyè wà nínú wọn. Ní ọdún kan náà ni òmìnira tí ìjọba Ẹ̀gbá ní lórí ara rẹ̀ dópin. Àwọn ọmọ Ìjẹmọ̀ kò gbàgbé.

Ìlú tí orin ń ṣiṣẹ́

Ẹ lè béèrè pé kí ló pa irú ìlú bẹ́ẹ̀ àti mándólìn pọ̀. Ẹ jẹ́ ká rìn dé iwájú ààfin Aláké. Níwájú ààfin yìí, ní ọdún 1947, ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin kóra jọ lábẹ́ ìdarí Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti láti kọ owó orí tí wọ́n bù lé obìnrin. Orin wà lára ohun ìjà wọn. Wọ́n kọrin títí, wọn kò sì padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní ọdún 1949. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé eré ọmọdé ni kí ìyàwó ilé máa kọ́ orin, ẹ tọ́ka Abẹ́òkúta sí i.

Ohun èlò olókùn pàápàá kì í ṣe àlejò níhìn-ín. Ìlú yìí ni Yusuf Ọlátúnjí, tí gbogbo ayé ń pè ní Baba Lẹ́gbàá, fi ṣe ibùjókòó títí ó fi papò dà ní ọdún 1978. Sákárà ni ó ń kọ, gòjé olókùn kan ni ó sì máa ń dá a lóhùn. Kí gòjé tó gba ipò nínú sákárà, mólò ni wọ́n ń lò, ohun èlò kékeré tí a ń fi ìka ta. Ẹ̀gbọ́n ni mólò jẹ́ fún mándólìn lójú tiwa. Nígbà tí Túndé King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá jùjú sílẹ̀ ní Èkó láàrin 1930 sí 1940, bánjò, mándólìn àti gìtá ni ohun èlò olókùn tó wà lọ́wọ́ àwọn olórin ìgbà náà. Àyìndé Bákárè, tí òun náà fi bánjò kékeré bẹ̀rẹ̀, ni ó gbé gìtá oníná wọ inú jùjú ní ọdún 1949. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún Ebenezer Obey, ọmọ Ẹ̀gbá, tí gìtá rẹ̀ dé gbogbo ayé.

Mándólìn fúnra rẹ̀, ọmọ Ítálì ni. Ìlú Naples ni ó ti gba ìrísí tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bí ìdajì igbá. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Orville Gibson ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí roboto bẹ́ẹ̀, irú èyí ni ó sì wọ́pọ̀ lórí àtẹ lónìí. Okùn mẹ́jọ ni ó ní, méjì-méjì ni wọ́n sì ń jọ dún bí ìbejì, nítorí náà ohùn mẹ́rin ni a ń gbọ́. Ó kéré, ó fúyẹ́, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò tóbi lè dì í mú dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ ilé.

Ojú aládìrẹ ní Ìtòkú

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sí Ìtòkú wàyí, kò jìnnà sí Ìjẹmọ̀. Ọjà àdìrẹ ni, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì wo bí obìnrin tó mọ aṣọ ti ń ra aṣọ. Kì í kọ́kọ́ béèrè iye. Yóò yí aṣọ náà padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí aró gidi a máa wọ inú òwú lọ, ṣùgbọ́n aṣọ ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀, ojú kan ló sábà máa ń ní. Yóò wo etí aṣọ. Yóò fi ìka tó tutù ra á. Yóò gbọ́ òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó dá owó. Nígbà tó bá sì ra á tán, kò ní ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ tán, nítorí ó mọ̀ pé aránṣọ ń dúró. Aṣọ tó dára tí a kò rán dáadáa kò ṣe é wọ̀ jáde.

Gbogbo ọgbọ́n tí ẹ nílò nípa mándólìn ti wà nínú ohun tí ẹ rí yẹn. Ẹ yí i wò, ẹ wo etí rẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi owó aránṣọ sílẹ̀.

Bí a ti ń yàn án

Èkínní, ẹ wo pákó iwájú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ti ń jáde. Ẹ wo etí ihò tó wà lára rẹ̀. Bí ìlà ara igi bá ti orí pákó wọ inú ihò lọ láìyà, igi gidi ni. Bí ẹ bá rí i pé ó pín sí ìpele-ìpele bí mọ́ínmọ́ín tí a dà léra, pákó àlẹ̀pọ̀ ni. Pákó àlẹ̀pọ̀ kì í tètè sán, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í là bí ti igi gidi. Ẹni tó fẹ́ kúrò lórí mándólìn olówó pọ́ọ́kú bọ́ sórí èyí tó sàn, ojú ibí yìí ni kó kọ́kọ́ ná owó rẹ̀ lé.

Èkejì, ẹ fi ìka kan ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yí ká, bí ẹ ti ń kan ìkòkò amọ̀ kí ẹ tó rà á. Ìkòkò tó sán kì í dún bí èyí tó pé. Bí ohun kan bá ń gbọ̀n nínú rẹ̀, tàbí tí ohùn kan bá kú sí ojú kan, ó lè jẹ́ pé àtè ti ṣí. Ẹ gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé e sókè, kí ẹ sì fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti orí lọ sí ìdí, bí káfíńtà ti ń wo pákó. Ọrùn tó lọ́ bí okùn àgbò kò ṣe é rà, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Ọrùn tó kàn tẹ̀ díẹ̀ kò burú bí ó bá ní ọ̀pá irin nínú, èyí tí oníṣẹ́ lè yí láti tọ́ ọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òǹtajà bóyá ó ní in.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí a fi ń fa okùn le, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí wọ́n máa yí gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Èyí tó bá ń fò tàbí tó ń padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ohùn dúró, okùn méjì tó yẹ kí wọ́n jọ dún bí ìbejì yóò sì di orogún.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn ni a ń tẹ okùn lé. Orí wọn kò gbọ́dọ̀ gún yín lọ́wọ́. Bí ó bá gún ẹ̀yin àgbà, kí ni yóò ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́jọ?

Ọjà tòkunbọ̀ pọ̀, òmíràn nínú wọn sì dára ju tuntun lọ, bí ẹ bá lè fi ojú márùn-ún yìí wò ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí dídán ara rẹ̀ tàn yín. Ìrísí oníwo tó lọ́ bí ìgbín ní ẹ̀gbẹ́ máa ń wu ojú, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ọnà ni ẹ ń san níbẹ̀. Pẹ̀lú iye kan náà, èyí tó ṣe gbọọrọ bí ẹkún omijé, tí kò ní ìwo, sábà máa ń ní igi tó dára jù.

Owó aránṣọ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń kùnà nìyí. Wọ́n ra ohun tó dára, wọn kò sì tún un ṣe. Mándólìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde kò tíì parí, bí aṣọ tí a kò tíì rán ni. Bí gìtá tàbí dùùrù bá wà ní ìjọ yín, a jẹ́ pé ẹnìkan ń tún wọn ṣe. Ẹ wá onítọ̀hún lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ ni gíga okùn. Ẹ ka irin ọrùn láti orí títí dé ìkejìlá. Ní ibẹ̀, àlàfo tó wà láàrin irin àti okùn kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 2 lọ, ìyẹn bí ìwọ̀n igi ìṣáná kan. Bí igi ìṣáná méjì bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá pọ̀, okùn ti ga jù. Ìyẹn gan-an ni ó ń bó ìka akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n fi ń sọ pé ọmọ náà ń ṣọ̀lẹ. Afárá ni a ń pe igi kékeré tí okùn gbà lórí rẹ̀ kọjá ní àárín ara. Àwọn tó dára ní bíríkítí méjì tí a ń yí láti gbé e sókè tàbí láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dẹ okùn kí ẹ tó yí i. Kí ẹ tún wo ibi tí okùn ti orí wọ ọrùn: bí ojú ihò tí okùn jókòó sí kò bá jìn tó, irin àkọ́kọ́ yóò le láti tẹ̀. Oníṣẹ́ nìkan ni kó fi fáìlì kan ibẹ̀.

Ohun kejì ni ibi tí afárá jókòó sí. A kì í fi àtè lẹ̀ ẹ́. Okùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà ó lè yẹ̀ kúrò. Ẹ mú téèpù aránṣọ yín. Ẹ wọn ọ̀nà láti orí ọrùn dé irin kejìlá, nǹkan bí íńṣì 7 ni. Láti irin kejìlá dé orí afárá gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà. Lẹ́yìn náà ẹ fi etí yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ta okùn lásán, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ ní irin kejìlá kí ẹ ta á. Ohùn kan náà ló yẹ kó jáde, ṣùgbọ́n kí èkejì wà ní òkè, bí ìgbà tí ìyá àti ọmọ bá jọ kọ orin kan náà. Bí ti òkè bá ga ju bó ti yẹ lọ, ẹ sún afárá sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọrùn. Bí ó bá relẹ̀ jù, ẹ sún un sún mọ́ ọrùn. Ọ̀pọ̀ mándólìn tí wọ́n ní kò bára mu, afárá rẹ̀ ló yẹ̀.

Ohun kẹta ni okùn. Ẹ bọ́ èyí tó ti inú ilé iṣẹ́ wá, kí ẹ fi tuntun tó fẹ́lẹ́ sí i, nítorí okùn fẹ́lẹ́ ṣàánú ìka. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí afárá má baà ṣubú kúrò ní àyè rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Etí yín kò dití

Ó kù kí á tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin tó ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin mọ dò-re-mi. Láti okùn tó nípọn jù lọ sí èyí tó tín-ín-rín jù, sọ, re, la, mi ni ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lórí fóònù, ẹ̀rọ tí ń yẹ ohùn wò yóò pè wọ́n ní G, D, A, E. Ẹ kọ́kọ́ mú okùn kan bá ẹ̀rọ mu, kí ẹ sì fi etí yín mú ìkejì rẹ̀ bá a. Nígbà tí ohùn méjèèjì bá ṣì ń jà, ẹ ó gbọ́ ìgbọ̀nrìrì. Nígbà tó bá parẹ́, wọ́n ti rẹ́.

Ẹ má sì ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ kò ní etí. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, tí kò tíì ṣi ọkọ rẹ̀ pè ní ọkọ́ rí, etí orin wà lórí rẹ̀. Dò, re àti mi ni a fi ń sọ èdè Yorùbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ọmọ yín ti mú un mọ́ ọmú.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ ti tó, nígbà tí ọmọ bá sùn tàbí tí ọbẹ̀ bá ń hó lórí iná kékeré. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìka yóò dunni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí awọ rẹ̀ tó le, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọrùn ọwọ́ bá ń ro yín, tàbí tí ìka ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ sì tún gíga okùn wò.

Ẹ nu okùn pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ lẹ́yìn tí ẹ bá ta á tán, nítorí òógùn a máa mú un dípẹtà. Ẹ má ṣe fi sí inú ọkọ̀ nínú oòrùn, ẹ má fi sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ní ìgbà ọyẹ́, igi a máa gbẹ, a sì máa sán. Inú àpótí rẹ̀ ni kí ẹ pa á mọ́ sí, kúrò lọ́wọ́ ọmọ tó ń rá.

Bí owó kò bá tíì tó, ẹ fi í sínú èésú yín, kí ẹ dúró. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ó sàn kí ẹ dúró di oṣù mẹ́fà sí i ju pé kí ẹ ra ohun tí yóò fi èké dá ọmọ yín lẹ́jọ́. Bí ẹ bá sì ti fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ ya Ìjẹmọ̀, kí ẹ kí àwọn ará ibẹ̀, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Ìtòkú lọ wo àwọn obìnrin tí ń yí aṣọ padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú yẹn ni kí ẹ gbé wọ ilé ẹni tí ń ta mándólìn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí orin má tán nílé yín o.